Sùnmọ́nù Afọfìlà ti Kofar Marke

Àlejò tó bá ń wá ilé Sùnmọ́nù ní Kofar Marke, ní ìlú Sókótó, kò ní láti béèrè púpọ̀. Iwájú ilé tí fìlà ti ń yá oòrùn ni. Orí tí wọ́n fi igi gbẹ́ ni ó tò sórí pákó gígùn kan, fìlà Haúsá sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n fi sítáàṣì sí i, ó dúró ṣánṣán.

Kì í ṣe iṣẹ́ tó gbé e kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Sókótó nìyí. Awakọ̀ ni. Àlùbọ́sà ni ó ń kó lọ sí ilẹ̀ Yorùbá, títí di ọdún 1978 tí lọ́rìí rẹ̀ dojú dé, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ó sunkún, ó bínú, ó kọ oúnjẹ. Nígbà tí ìbínú náà wá sú u, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé iṣẹ́ wo ni ènìyàn lè jókòó ṣe ní ìlú yìí tí yóò sì yẹ ẹ́. Mamman, bàbá arúgbó tó ń fọ fìlà ládùúgbò, ló kọ́ ọ. Nígbà tí ojú Mamman di bàìbàì, ó kó gbogbo orí igi rẹ̀ fún un.

Ní ọdún 1981, tí Iléyá ku ọ̀la, ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù wà nílé rẹ̀. Ọlábíyìí ni orúkọ rẹ̀, aṣọ ni ó ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹbí ló rán an pé kí ó wá mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ máa gbé àárín àjòjì, pé yàrá wà fún un nílé bàbá wọn, kí ó máa jókòó, kí ó máa jẹ. Sùnmọ́nù kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó wí pé rárá? Ẹ̀rín ni ó fi ń dá a lóhùn. Ó ní kí ọdún kọjá ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àráfà náà, tí gbogbo wọn ń gbààwẹ̀, Táwà, ìyàwó rẹ̀, ti lọ sọ́jà. Sùnmọ́nù fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ ra ọṣẹ. Nígbà tó padà dé, orí igi gbogbo ti ṣófo. Ọlábíyìí jókòó, ó ń nu òógùn, inú rẹ̀ dùn.

"Mo ti bá ọ kó gbogbo rẹ̀ wọlé," ni ó wí. "Eruku ìlú yín yìí pọ̀ jù. Mo ká wọn, mo tẹ̀ wọ́n dáadáa, mo sì gbé àpótí lé wọn lórí."

Lójú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fìlà tí kò bá ká kò tíì di fìlà. Ṣùgbọ́n fìlà Sókótó kì í ní àpá kíká kankan lára. Bí ó bá ní i, àwọn ènìyàn á ní ẹni tó ni ín dé e sùn ni. Sùnmọ́nù gbé àpótí náà kúrò. Àpá ti gba àárín gbogbo wọn kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn tó ni wọ́n ń bọ̀, nítorí wọn yóò dé e lọ kírun ọdún ní Yídì láàárọ̀ ọ̀la.

Bí ó ti ń ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Mamman kí wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ó wá mú fìlà tirẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì fi èdè Haúsá pariwo pé, "Subhanallahi! Sunmonu, àìsàn wo ló ṣe fìlà yìí?"

Ojú ti Ọlábíyìí. "Àbúrò mi, mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. N ó bá ọ bẹ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, di ẹrù rẹ kí a máa lọ. Kí ló tún kù tí o fẹ́ máa ṣe níbí?"

Sùnmọ́nù wo òkìtì fìlà náà. Ó retí kí àyà òun já, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò já. Omi wà, ọṣẹ wà, sítáàṣì wà, oòrùn sì ń ta bí iná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bu omi sínú báàfù yẹn."

"Èmi? Kí n máa fọ fìlà?"

"Ẹ̀yin lẹ ká a, ẹ̀yin náà lẹ ó bá mi tú u."

Nígbà tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Mamman, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ṣí fìlà ògbólógbòó tó wà lórí rẹ̀, ó jù ú sínú omi. "Bí ẹ bá ti ń fọ̀, ẹ fọ èyí náà mọ́ ọn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀kan kùn gan-an. Sùnmọ́nù bẹ̀ ẹ́, ó ní àṣìṣe ni, kí ó jókòó, yóò gbẹ. Ó jókòó. Láìpẹ́, ẹní tó tẹ́ síwájú ilé kún, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí àgbò rẹ̀ sanra jù, wọ́n sì ń ní kí Malam Sunmonu dá ẹjọ́ náà.

Ọlábíyìí ń wò wọ́n. Nígbà tó ṣe, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sọ òótọ́ fún mi. O kò ní bá mi lọ, àbí?"

"N kò ní bá yín lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dárí jì mí. Ẹsẹ̀ yìí ń dùn mí, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní méjì, eré ni mò ń sá kiri, n kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí. Ní báyìí, bí mo bá jí, mo mọ ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ ṣe, ó sì máa ń wù mí láti ṣe é. Bí ẹ bá gbé mi jókòó sí yàrá tí ẹ ń bọ́ mi, ìgbà yẹn gan-an ni n ó di aláìsàn."

Ọlábíyìí fún fìlà ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó fà á bọ orí igi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà á títí ó fi tẹ́jú.

"Kí ni kí n wá wí fún wọn nílé?"

"Ẹ wí fún wọn pé èmi àti Táwà ń bọ̀ wá kí wọn tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ ńlẹ̀. A kò ní pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n má tẹ́ ẹní dè mí o."

"Wò ó bí o ti ń rán mi níṣẹ́, ìwọ àbúrò lásán!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Ìgbà náà ni Táwà ti ọjà dé. Ó rí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí ọṣẹ bò ó dé ìgúnpá, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè, ẹ̀gbọ́n wa, ta ló sọ yín di ọmọ iṣẹ́?"

"Máa lọ gbé oúnjẹ ìṣínu kaná," ni Ọlábíyìí dá a lóhùn. "Àwọn oníbàárà wa ń dúró."