Àṣẹ Tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Gbọ́

Ọjọ́ tí sọfúwíà mi kọ̀ tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà Bàbá ní Ìbà, ojú tì mí débi pé mo di ẹ̀bi ru iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀, fáànù ń yí lórí wa.

Olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ọmọ Èkìtì. Ìyàwó wọn ti kú. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ohùn Màmá wà nínú rẹ̀, ariwo sì ti bò ó. Bàbá ti gbé ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní Alábà, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n kọ sọfúwíà tí yóò yọ ariwo náà kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ohùn náà lọ tún ṣe lórí láàpútọ́ọ̀pù mi ní Okokomaiko.

"Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ èmi àti Àdùkẹ́ ni. Èmi ni kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Àǹtí Fúnmi, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ló là mí lójú. Pùrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní iye àṣẹ tó gbọ́. Tí a bá ń ṣe bíìdì, ìyẹn ìgbà tí à ń sọ ohun tí a kọ di sọfúwíà tó ṣeé ṣí, a máa ń tan àwọn àṣẹ tí a fẹ́ lò nínú ètò rẹ̀. Èmi ti tan gbogbo èyí tí láàpútọ́ọ̀pù tuntun mi gbọ́, tòkunbọ̀ Bàbá kò sì gbọ́ òmíràn nínú wọn.

"Ṣé o tiẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ohun tí pùrósẹ́sọ̀ Bàbá mọ̀, kó o tó máa pàṣẹ fún un bí ọ̀gá?" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí.

Mo fi ìbínú pa gbogbo àṣẹ tí mo ti tàn. Sọfúwíà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bí ìgbín, ohùn sì ń já. Bàbá jáde láti yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ojú wọn fà ro.

"Kì í ṣe bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, mo wo àwọn àṣẹ tó gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí sọfúwíà nílò, tí kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́, nìkan ni mo tàn. Bàbá wọ yàrá lọ gbọ́ ọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo dúró ní páálọ̀.

Bàbá ti padà sí Èkìtì báyìí. Mo ti ṣe iṣẹ́ tó tóbi ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ àárò páálọ̀ Ìbà yẹn ṣì ń sọ mí. Títí dòní mi ò mọ ohun tí Màmá sọ. Ìdáhùn Bàbá nìkan ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà.

"Mò ń bọ̀, Àdùkẹ́. Mò ń bọ̀ báyìí."