Ìyá Oníbàtà àti Ẹsẹ̀ Apànìyàn

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn òṣèré ló ń ṣe eré orí rédíò. Ẹnu lásán ni tiwọn. Ìyá mi ló ń rìn.

Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà lọ́wọ́ ni àwọn ará ìlú ń gbọ́ ọ nílé. Ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ìyá mi máa ń dúró sí, tí yóò máa rìn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ń rìn nínú eré, pẹ̀lú àwo òkúta wẹ́wẹ́, àtẹ̀gùn onípákó mẹ́ta, àti ilẹ̀kùn kan tó dá dúró láìní ògiri. Bàtà kún orí pẹpẹ rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú eré ló ní tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wọ ti ẹlòmíì. Ìyá Oníbàtà ni gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò ń pè é. Opó ni, àwa ọmọ mẹ́ta la sì ń jẹun lórí ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn.

Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni gbogbo ìlú fẹ́ràn jù. Ọkùnrin tó ń kọ ọ́ ti ka ìwé ìwádìí ọ̀daràn títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, ó sì lè jókòó sí sinimá látàárọ̀ dalẹ́ nítorí irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣakọ pé òun kì í fi ẹ̀rí kankan pamọ́: ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, ẹni tó ń gbọ́ náà gbọ́dọ̀ rí i. Ó kàn gbàgbé pé etí làwa fi ń ríran nídìí rédíò ni.

Nínú eré kan tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, wọ́n pa bàbá olówó kan sínú yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A gbọ́ ẹsẹ̀ apànìyàn bó ṣe sọ̀kalẹ̀ tó sì sá lọ, kí alásè tó ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná. Kí wọ́n tó ṣe é, ìyá mi béèrè pé ẹsẹ̀ ta ni. Òǹkọ̀wé ní àṣírí ni, kó ṣáà wọ bàtà tó bá wù ú. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ìyá mi ka ìwé eré náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rí i pé dókítà ilé nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ló bá wọ bàtà dókítà, èyí tí gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, lẹ́tà ti kún orí tábìlì ọ̀gá ilé iṣẹ́. Tíṣà àgbà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ pé dókítà ni, òun gbọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ohun kan náà làwọn tó kù ń sọ. Orí òǹkọ̀wé gbóná. Ọmọ àbúrò olóògbé ló fẹ́ fi ṣe apànìyàn, ó sì ti kọ ọ́ tán. Ó ní Ìyá Oníbàtà ti ba eré jẹ́. Ọ̀gá pe ìyá mi, ó ní tí ìparí eré bá di yẹ̀yẹ́, kó máa lọ sílé.

Inú ṣì ń bí mi dòní. Ẹ ní kéèyàn rìn, ẹ ò sọ ẹni tó ń rìn fún un, ẹ wá dá a lẹ́bi!

Ìyá mi ò sunkún, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun rìn ín fún wọn. Ó wọ bàtà ọmọ àbúrò náà, ó mú ọ̀pá dání, nítorí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì pé ẹsẹ̀ ọmọ náà kan ti rọ láti kékeré, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ọ̀pá, ẹsẹ̀, ọ̀pá, ẹsẹ̀. Ó padà gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀, títí àtẹ̀gùn méjìlá inú eré fi pé. Òǹkọ̀wé ń wo aago, ó ń ka àkókò tó kọ sílẹ̀ kí alásè tó ṣílẹ̀kùn.

"Ọ̀gá," ni ìyá mi wí, "alásè ti ṣílẹ̀kùn tipẹ́, ọmọ yìí ṣì wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Òǹkọ̀wé jókòó. Ó ti gbàgbé ọ̀pá yẹn pátápátá. Ó yẹ ìwé tirẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mú kálàmù. Lọ́sẹ̀ kẹtàlá, dókítà ni wọ́n mú, inú gbogbo ìlú sì dùn.

Ọ̀gá wá sọ fún ìyá mi pé kò sí wàhálà mọ́, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun, sà," ló fèsì. "Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò bá mọ̀, mi ò ní rìn fún un mọ́."

Láti ọjọ́ náà, òǹkọ̀wé ò sọ ẹni tó pààyàn nínú eré fún ìyàwó tirẹ̀ pàápàá kó tó sọ ọ́ fún ìyá mi. Odindi ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyá mi fi ń mọ apànìyàn ṣáájú gbogbo ìlú. Àwa ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò dárúkọ ẹyọ kan fún wa rí.