Bí Mo Ṣe Mú Ọmọ Mi Lọ Wo Ọkọ̀ Ojú Irin ní Enugu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní ọjọ́ Sátidé náà tí èmi àti Rónkẹ́ ọmọ mi fi jáde nílé wa ní Agbassa, nílùú Wárì. Ìyá rẹ̀ sìn wá dé ẹnu géètì, ó di gàrí àti ẹja gbígbẹ fún wa, ó sì tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kún un. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ní ọkọ̀ tí kò lè wọ omi, tí kò sì lè yà kúrò lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀lẹ ọkọ̀ ni, kò yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni a ti ń jiyàn yìí, kò sì sí ẹni tó tíì borí.

Ẹ̀yin ará ilé ní Pọ̀bẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí. Ẹ mọ̀ pé ìlú wa ni ojú irin tó ti Kùtọnu àti Àjàṣẹ́ wá parí sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ náà kì í dé kí n má sí níbẹ̀. Mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, n óò ti sọ èyí tó ń bọ̀ kí ó tó yọ lójú ọ̀nà. Ìyá mi tó ń ta ẹ̀kọ ní sitéṣàn máa ń ní kí a kí ohunkóhun tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ ló gbé àlejò wá, àlejò ló sì ń ra ẹ̀kọ.

Iṣẹ́ wẹ́dà ló gbé mi wá sí Nàìjíríà. Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ayé ń wọ́ wá sí Wárì, wọ́n ń wá ẹni tó lè fi iná jó páìpù pọ̀, èmi náà sì bá wọn dé ibẹ̀. Owó wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìlú náà kò ní ojú irin rárá. Nítorí náà, bí àyè ìsinmi bá ti yọ, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń lọ ra rédíò ńlá ní Deco Road, èmi a wọ mọ́tò lọ sí ibikíbi tí ọkọ̀ ojú irin bá wà, n óò jókòó, n óò máa wò ó bí àwọn mìíràn ṣe ń wo bọ́ọ̀lù. Oga Train ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́.

Ìrìn àjò ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì nìkan. Rónkẹ́ kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wárì ni a bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Píjìnnì ló fi ń dá wa lóhùn. Àwọn ìtàn tí mo ń sọ fún un ló ń gbé lọ bá àwọn ọmọ àgbàlá wa: ọkọ̀ tó gùn ju àdúgbò lọ, tó ń rìn lórí irin méjì, tí awakọ̀ rẹ̀ kì í yí ọwọ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà títí. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó dúró níwájú mi, ó ní, "Papa, dem say you dey lie."

Mo bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ wí. Ó wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò béèrè ìtàn lọ́wọ́ mi mọ́. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, bí kò bá gbà mí gbọ́ lórí ohun tí mo fi ojú mi rí, lórí kí ni yóò ti wá gbà mí gbọ́? Mo wá pinnu pé kí ojú òun náà jẹ́rìí.

A wọ Píjò tó ń lọ Onitsha ní gáréèjì. Náírà mẹ́ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ìdajì fún ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn dẹ́rẹ́bà tiwa ṣe máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí epo má baà tán. Ti ibí yìí kò mọ irú ìyẹn. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà wa yà jẹun lẹ́yìn Ughelli, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó máa kù wùùù títí ó fi jẹ sitáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn rẹ̀ tán. Sitáàṣì yìí, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó máa ń fà, òróró ni wọ́n sì ń fi sọ́wọ́ kí wọ́n tó bù ú. Kí a tó dé Kwale, a rí iná gáàsì tó ń jó nínú igbó láìsí ẹni tó ń fi í se nǹkan kan. Mo rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi eérú bo ẹ̀yinná kí ó lè di ọjọ́ kejì, mo sì mi orí.

Dẹ́rẹ́bà bi mí pé ta ni a fẹ́ lọ kí ní Enugu. Mo ní ọkọ̀ ojú irin ni a fẹ́ lọ wò. Ó béèrè ẹni tí a fẹ́ pàdé nínú ọkọ̀ náà. Mo ní kò sí. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ogwashi-Uku, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọkọ̀.

Ní Asaba a gun orí afárá Odò Ọya. Rónkẹ́ rí àwọn irin ńláńlá tó dábùú ara wọn lókè, ó di apá mi mú, ó bi mí bóyá ọkọ̀ ojú irin náà nìyẹn. Mo ní rárá, afárá lásán ni. Mo fi bí wọ́n ṣe kan àwọn irin náà mọ́ra wọn hàn án, iṣẹ́ tó dára gan-an ni. Ó ń wò wọ́n títí a fi kọjá.

Ní Onitsha a bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, ọ̀sán sì ti pọ́n kí a tó dé Enugu. Ìlú olókè ni, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì dára ju ti Wárì lọ. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Mama Nkechi ń ta ọ̀kpà ní sitéṣàn. Ọ̀kpà jọ ọ̀ọ̀lẹ̀ wa, ewé náà ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀wà rẹ̀ jọ ẹ̀pà, ó sì máa ń di ikùn mú. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ẹyọ kan. Mo ra méjì, mo béèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa dé. Ó wo ọmọ mi, ó wò mí, ó ní nǹkan ti bàjẹ́ lójú irin lápá òkè, ọkọ̀ kankan kò kọjá láti àárín ọ̀sẹ̀.

Ara mi tutù. A jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mama Nkechi kò jẹ́ kí a sùn sí sitéṣàn, ó mú wa lọ sí ilé rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wa. Ó dùn mọ́ mi pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè a tún padà lọ jókòó. Ojú irin náà ń dán nínú oòrùn, ewúrẹ́ ń jẹ koríko láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sùn ní Wárì lọ́jọ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn yẹ̀ kó tó kúrò. Fóòmáànù mi sì ti kìlọ̀ pé bí n kò bá wọṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun á gé owó mi, bí mo bá sì tún un ṣe, kí n máa lọ sí ìlú mi. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Rónkẹ́ ń wò mí. Ó fi ọwọ́ kan orúnkún mi, ó ní:

"Papa, make we dey go. I go tell dem say I see am."

Ó fẹ́ bá mi parọ́. Àánú mi ló ṣe é. Omi bọ́ lójú mi, n kò fi pamọ́ fún un. Mo ní, "Rárá, Rónkẹ́. Má sọ ohun tí o kò rí. A ó dúró."

Gáréèjì kò sí lọ́kàn mi mọ́. Mama Nkechi gbé ọ̀kpà mẹ́ta wá, ó ní kí a fi dúró. Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Ó ń bọ̀." Rónkẹ́ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, àwọn ewúrẹ́ kúrò lójú irin, fèrè dún, ẹ́ńjìnnì sì yọ lẹ́bàá òkè.

Ọkọ̀ tó ń kó èédú ni, kò kó èrò. Ìwájú rẹ̀ ti wọ inú sitéṣàn tán, ìdí rẹ̀ ò tíì yọ. Ilẹ̀ ń mì. Mo wẹ̀yìn kí n wo ojú ọmọ mi, n kò rí i lórí ìdúró. Ó ti kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, orúnkún méjèèjì, pẹ̀lú aṣọ Sọ́ńdè rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn." Ọkọ̀ náà ló ń kí.

Awakọ̀ yọ orí jáde, ó rí i, ó sì fa fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mama Nkechi di etí rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Na so una dey greet train for una place?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa. Ẹ̀yin ará Pọ̀bẹ́, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá bi yín, ẹ má já mi nírọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá tán, Rónkẹ́ gbọn orúnkún rẹ̀, ó ní kò rú èéfín bí èyí tí mo sọ. Mo ní èéfín ni ti ayé ijọ́un, epo díísù ni ti ìsinsìnyí. Ó ní òun gbọ́. Lójú ọ̀nà ilé, lórí lọ́rì oníṣu tó gbé wa dé Onitsha, ó béèrè ìtàn ọkọ̀ Àjàṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì sọ ọ́ títí ohùn mi fi há.

Ọ̀sán Mọ́ńdè la wọ Wárì. Fóòmáànù gé owó ọjọ́ kan, ó sì bú mi tẹ́rùn. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àgbàlá ti yí Rónkẹ́ ká. Ó ń sọ ohun tó rí fún wọn, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ó dé ibi tí ó ti kí ọkọ̀ tí ọkọ̀ sì dá a lóhùn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń nà án níka. Bí ó bá parọ́ ni, bóyá wọn ì bá gbà á.

Mo ti ń múra láti tù ú nínú. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fa àwo ẹja ìyá rẹ̀ mọ́ra. Kò bínú rárá. Ó ní, "Papa, dem say we dey lie."

Òpùrọ́ kan ló jáde nílé wa ní Sátidé, méjì ló padà dé. N kò mọ ohun mìíràn tí bàbá ń wá lójú ọ̀nà.