Ìwé Ìrìnnà Àwọn Ọlọ́dẹ Tí Mo Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe akọ̀wé ní àdúgbò Plateau ní Abidjan, ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn olówó wá ọlọ́dẹ. Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó wọ aṣọ ọlọ́dẹ, inú á bí mi. Kì í ṣe ọlọ́dẹ ló ń bí mi nínú o.

Ọ̀gá wa kì í fẹ́ gba ọmọ Abidjan. Ó ní ọmọ Abidjan ní ẹbí ní gbogbo àdúgbò, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó ní ẹni tó ti òkèèrè wá, tí kò gbọ́ Faransé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, kò lè lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ olè. Nígbà tó gbọ́ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ̀yin Anago mọ̀wọ̀ àgbà, ẹ kì í jiyàn," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. "Bá mi wá vingt, ogún ọkùnrin."

Bàbá mi ránṣẹ́ sílé. Àwọn ọkùnrin náà gba Cotonou, Lomé àti Accra dé, èmi ni mo sì túmọ̀ àdéhùn iṣẹ́ fún wọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá ní kí n gba ìwé ìrìnnà wọn, kí wọ́n má baà sá lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé, "Ẹ mú un wá, ká bá yín tọ́jú ẹ̀, kó má baà sọnù." Irọ́ funfun báláú! Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá a máa padà sílé rẹ̀ bó bá ṣíwọ́.

Nígbà yẹn, ìlú ti dàrú. Ọlọ́pàá wà ní gbogbo oríta, wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ àlejò. Boribana, àdúgbò àwọn tálákà, ni àwọn ọkùnrin wa ń gbé, Cocody, àdúgbò àwọn olówó, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Káàdì iléeṣẹ́ nìkan ló wà lápò wọn, ẹ̀rín sì ni àwọn ọlọ́pàá ń fi í rín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan dé ẹnu géètì tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣọ́. Dioula ni bàbá náà ń sọ. Ọkùnrin wa kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú bàbá yìí jọ ti onílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú un dé pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n onílé ni lóòótọ́. Àmọ́ àwọn méjèèjì ń jà lórí ogún, onílé sì ti kọ ọ́ sára géètì pé kò gbọdọ̀ wọlé. Faransé ló fi kọ ọ́. Ẹ gbà mí!

Ọ̀gá ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ náà, ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ wa títí ìwádìí yóò fi parí.

"Tantie, ẹ bá mi bi patron," ọkùnrin náà ní, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Faransé pe àǹtí àti ọ̀gá, "ṣé kí n wá fi àgbàlagbà sínú oòrùn ni? Ta ló kọ́ mi nírú ẹ̀?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé ibí kì í ṣe village."

Ara mi gbóná. Mo ní, "Patron, ìwà tí ẹ torí ẹ̀ gbà á náà lẹ torí ẹ̀ ń lé e. Kí ni yóò fi han ọlọ́pàá lọ́nà?" Ó ní ìyẹn ò kàn mí, ó jáde lọ jẹun ọ̀sán.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá tirẹ̀ títí mo fi rí i, mo nà án sí i. Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ó ṣí i wò, ó fi sápò. Ó wá bojú wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò sí.

"Tantie, ti àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo ro iṣẹ́ mi. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù náà lójú rẹ̀.