Eríàlì Pẹlẹbẹ Tí Mo Gé ní Agbowó

Òórùn ásíìdì tó ń jẹ bàbà ni wọ́n fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó. Á ti ta ọ́ nímú kí o tó rí mi. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀dù ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tan iná, gé tó mi ní Ìbàdàn yìí. Ìwé mẹ́fà tí mi ò kà tán ò dí mi lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi láti yunifásítì òdìkejì títì. Eríàlì pẹlẹbẹ ló yà sórí bébà: bàbà onígun mẹ́rin tí ò ju káàdì ìdìbò lọ, àti ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí síginà máa gbà wọ inú rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ wá iṣẹ́ ìwádìí mìíràn. Ọdún méjì rẹ̀ wọgbó nìyẹn.

Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ bébà náà mọ́ bàbà kí àwòrán rẹ̀ lè mọ́ ọn lára, mo rì í sínú ásíìdì kó jẹ ìyókù, ó jáde kedere. Ṣùgbọ́n àwa onínfátà kì í fi bàbà sílẹ̀ níhòòhò, kó má baà jóná. Mo yọ́ òjé bo ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn títí ó fi wú bí iṣan apá alágbàṣe. Mo rò pé oore ni mo ṣe é.

Ó padà dé lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Ọ̀gá, kò gbé síginà rárá. Òjé yín ti ṣàn kọjá etí ọ̀nà yẹn. Bí ọ̀nà yẹn ṣe fẹ̀ tó gan-an ni síginà ń wò.”

“Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

“Rárá o, sà. Ẹ ṣáà bá mi gé e bí mo ṣe yà á.”

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo gé òmíràn. Ẹ̀kán òjé kan ṣoṣo ni mo fi sí ibi tí wáyà ti wọlé, mo sì fi abẹ tọ́ etí bàbà yòókù. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ lẹ fi ṣe èyí ni?”

“Ọwọ́ ni.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ aṣọ Jímọ̀ mi, mo tẹ̀ lé e lọ sí yunifásítì. Ọ̀gá rẹ̀ so eríàlì náà mọ́ ẹ̀rọ. Ìlà kan ń lọ gbọnrangandan lójú ẹ̀rọ náà, àfi bó ṣe já wálẹ̀ bí ẹni jìn sí kànga, níbi tí ọmọ náà sàmì sí gẹ́lẹ́. Àmì pé ó gbé síginà nìyẹn. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

“Ta ló gé e?” ni ọ̀gá rẹ̀ bi í. Ọmọ náà nawọ́ sí mi. Ọ̀gá náà dìde, ó ti àga tirẹ̀ sí mi. “Ẹ jókòó, sà. Ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ṣe é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí.”

Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀, àwọn alákọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹni tó mọṣẹ́ ló ń fi kún iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọwọ́ mi tún mọ ibi tó yẹ kó dúró, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀ nílùú yìí.