Fíìmù tí Ìyá Alágbàfọ̀ Jókòó Wò

Etí ni Ìyá Alágbàfọ̀ fi ń wo fíìmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ tó ń lọ̀, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà kan ló jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ohùn fíìmù nìkan ló ń gbà, áyọ́ọ̀nù ló ń gba ojú.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń yan fíìmù fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jọ dúró ti tábìlì aṣọ, Ìyá Alágbàfọ̀ ló sì kọ́ ọ níṣẹ́, kí orúnkún dídùn tó ní kí Ìyá Ìbejì lọ jókòó sílé. Ní báyìí, fíìmù wíwò ni iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá dùn mọ́ ọn, á gbé síìdì rẹ̀ wá: "Ọ̀gá, ẹ wo èyí." Bó bá padà wá, á béèrè bó ṣe rí lójú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ náà á sì sọ bó ṣe rí létí.

Ti ọlọ́pàá tó ń lé olè, ó ní irọ́ gbáà ni: "Wọ́n sáré yípo ìlú, kò sẹ́ni tó mí hẹlẹhẹlẹ nínú wọn." Ti olólùfẹ́ méjì, ó ní kí ọmọbìnrin yẹn tètè sá: "Ẹni tó ń sọ òótọ́ kì í gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ." Ti ogun, ó ní ariwo ìbọn kò ṣe òun ní nǹkan kan, ìró obìnrin tó ń gbá àwo fífọ́ jọ lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́ ló pa òun lẹ́kún. Ìyá Ìbejì á rẹ́rìn-ín títí, á di ìhà mú.

Àfi lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó wọlé tí kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe fíìmù wá pè é lọ́dún tó kọjá, pé òun náà máa hàn nínú fíìmù wọn. Fíìmù ọ̀hún ti jáde wàyí. Ó gbé síìdì rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Àwọn ìbejì mi ti wò ó," ló wí. "Wọ́n ní mi ò sí níbẹ̀, pé wọ́n ti gé mi dànù. Èyí ọkùnrin ní bóyá oúnjẹ lásán ni mo lọ jẹ lọ́hùn-ún. Èyí obìnrin ń rẹ́rìn-ín."

"O ò fi ibi tó o wà hàn wọ́n?"

"Ọ̀gá, ṣé kí n máa fìka tọ́ ara mi ni? Ẹni tó bá mọ̀ mí á rí mi. Ẹ wò ó. Tí ẹ̀yin náà ò bá rí mi, a jẹ́ pé mi ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ á gbé mi wá lọ́jọ́ Sátidé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ìyá Alágbàfọ̀ lọ́kàn. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún lọ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ó ṣe ohun kan ṣoṣo fún ara rẹ̀, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ní kò sí níbẹ̀! Ó tan fíìmù náà lójú ẹsẹ̀, ó ń lọ aṣọ, ó ń tẹ́tí. Tọkọtaya olówó kan ni, wọ́n ń jà lórí ọmọ. Ó gbọ́ gbogbo ohùn, títí kan ti ajá, kò gbọ́ ti Ìyá Ìbejì. Ó tún un tàn ní Tọ́sìdeè. Òtúbáńtẹ́ ni.

Ọ̀sán Fúráìdeè ni orí rẹ̀ tó ṣí. "Èmi òmùgọ̀! Ta ló sọ fún mi pé ó sọ̀rọ̀?" Ogójì ṣẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ tí àwọn oníbàárà máa wá gbà nírọ̀lẹ́. Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó tan fíìmù náà, ó sì jókòó wò ó. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó kó o lé itan, ó ká a mọ́ àyà, ó tún kó o lé itan.

Nígbà tí ìjà tọkọtaya náà gbóná, ó rí i. Ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, èjìká ọkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Nínú yàrá tó wà lọ́hùn-ún, obìnrin kan kọ̀yìn sí wọn, síkáàfù búlúù lórí, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kò yíjú rárá. Ṣùgbọ́n láti ṣóńṣó méjèèjì ló ti ń lọ kọ́là náà bọ̀ wá sí àárín. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ti àárín lọ sí ṣóńṣó, kọ́là á sì rún létí. Ẹni méjì péré ló ń lọ kọ́là báyẹn ládùúgbò náà, ọ̀kan ló sì jókòó yìí.

"Ọwọ́ mi rèé o!" Ó fò dìde. "Ọwọ́ tí mo kọ́ rèé!"

Ó dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, ó tún dá a padà. Ìgbà keje ló tó rí ohun tó mú omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó pariwo pé òun ń lọ, obìnrin yẹn gbé áyọ́ọ̀nù sókè, kò gbé e kalẹ̀, kò yíjú, títí ariwo fi rọlẹ̀, kó tó tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ni Ìyá Alágbàfọ̀ gba ìjà náà gbọ́. Nínú gbogbo fíìmù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ní kó wò, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Àwọn oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́la.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Ìbejì kò tíì wọlé tán tó fi béèrè: "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí mi?" Àwọn ìbejì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, àgbàlagbà ènìyàn méjì.

"Nígbà tí ìyàwó ní òun ń lọ, kí ló dé tó o gbé áyọ́ọ̀nù sókè?"

Ìyá Ìbejì di ilẹ̀kùn mú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Tí mo bá fi í sílẹ̀, aṣọ á jó. Mo sì fẹ́ gbọ́ bóyá ó máa lọ lóòótọ́."

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é."

"Káre! Káre láé, ọmọ iṣẹ́ mi!"

"Níbo lẹ ti rí wọn?" ni ọmọbìnrin béèrè. Ìyá Alágbàfọ̀ tan fíìmù náà, ó fìka tọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọkùnrin sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìn lásán lẹ rí yìí? Ṣé ẹ̀yìn ni mo fẹ́ fi dá ìyá mi mọ̀?"

Ìyá Alágbàfọ̀ yíjú sí i. "Ẹ̀yìn lásán kẹ̀! Ẹ̀yìn yẹn ló pọ̀n yín, ìwọ àti èkejì rẹ, nídìí tábìlì yìí. Bí ọ̀kan bá sọ̀, èkejì á gùn ún. Odindi ọdún méjì, láàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn yẹn lẹ̀ ń wò. Bí ẹ̀yin ò bá dá a mọ̀, ta lẹ fẹ́ kó dá a mọ̀?"

Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ló wí, "ẹ bá mi tún un tàn."