Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni Wọ́n Pè Mí

Láràárọ̀, láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo máa ń bu omi kún básíà. Màá de awò ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́jú, màá fi eyín di rọ́bà tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi mú, màá dojú bọ omi, màá sì ka èémí mi dé ogún.

Brianna tí a jọ ń gbé ló fà á. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń lọ wo ẹja lábẹ́ òkun ní Puerto Rico. Ó ní, "Ṣé wàá bá wa lọ?"

Mo ní, "Rárá, o ṣeun."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọlúàbí kì í gbà lẹ́ẹ̀kan. Mo ń retí kó tún bi mí. Mo tiẹ̀ ti ra awò sílẹ̀.

Lónìí ni mo bá a tó ń di ẹrù.

"Ọjọ́ Ẹtì la ń lọ," ló wí.

"O ò tún bi mí mọ́."

Ó wò mí. "Ṣebí o ní o ò lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ yàrá mi, mo pe Aunty mi ní Snellville, ìtòsí Atlanta níbí, mo ròyìn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ níbí?"

Oṣù kẹta mi rèé ní Atlanta. Kò tíì sí ẹlòmíì tó pè mí lọ síbì kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ṣé ẹ̀pa ò bóró mọ́ báyìí? Ẹ dá mi lóhùn o. Lọ́la, kí Brianna tó jáde, màá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, màá sọ fún un pé mo fẹ́ lọ.